Jíìpù Tí A Gbé Sókè Nítorí Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ pé jíìpù náà lè dé abà. Àárọ̀ Sátidé ni, òjò ń rọ̀ ní Amukoko, àwa méjèèjì sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, à ń wo omi tó ti gba gbogbo àgbàlá. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń gbé nítòsí màmá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ó ní àwọn gbìyànjú láti fi ọ̀kadà gbé màmá jáde lọ sí ìlú, àwọn fi ìró dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé odò àkọ́kọ́, ọ̀kadà yọ̀, gbogbo wọn sì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Eegun màmá kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti búra pé àwọn ò gun ọ̀kadà mọ́.

Abà màmá wà nínú igbó ní ìhà Oǹdó. Ibẹ̀ ni bàbá wa dá oko kòkó sí, ibẹ̀ náà la sin wọ́n sí, màmá ò sì gbà láé láti wá bá wa gbé l'Ékòó. Àwọn ọkọ̀ agbégi ti ba ọ̀nà abà náà jẹ́. Tí òjò bá dé, kòtò tí táyà wọn gbẹ́ máa ń jìn débi pé mọ́tò kékeré á fi ikùn jókòó sílẹ̀, táyà rẹ̀ á máa yí lásán. Ní ọdún yẹn, ẹsẹ̀ màmá wú, wọn ò sì lè dùbúlẹ̀ kí wọ́n mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó lọ wò wọ́n ní ọkàn wọn ló ń rẹ̀, ó ní ká tètè gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

"Jíìpù yẹn lè débẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Jíìpù wo, bọ̀dá mi?"

"Mélòó la ní?"

Jíìpù kékeré onílẹ̀kùn méjì ni, irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà pọ̀ tí èèyàn bá ti fa gíà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà gidi. Ẹ̀gbọ́n mi rà á nígbà tó ń wa tírélà, tó ń kó kọ̀ńténà láti Àpápá lọ sókè Ọya. Lọ́jọ́ kan, kọ̀ńténà kan yọ́ kúrò lórí tírélà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ó sì tẹ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Láti ìgbà yẹn ni jíìpù ti wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí àwọn ará ilé ń sá aṣọ lé e lórí.

"Ta ló máa wà á?" mo bi í.

"Èmi."

"Ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rò ó. Kò bínú. Ó kàn ń wo jíìpù náà nínú òjò. "Ọwọ́ ni màá fi máa tì í mọ́lẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Èmi ò lè wọ abẹ́ mọ́tò mọ́."

Ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Wharf Road. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò di sípánà mú rí láyé mi. Àmọ́ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe tibi iṣẹ́ dé, mo wọ ṣòkòtò àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo sì wọ abẹ́ jíìpù. Òun jókòó sórí àpótí, ọ̀pá tó fi ń rìn wà lórí itan rẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi.

"Tú nọ́ọ̀tì yẹn. Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Má fi agbára fà á, bu epo sí i kó kọ́kọ́ mu ún."

Ìpẹtà ń já bọ́ sí mi lójú. Ọwọ́ mi bó. Àwọn obìnrin ilé wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Sister Wharf Road don turn mechanic o!" Mo ń tú nọ́ọ̀tì mi lọ. Màmá wà lọ́kàn mi, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sùn.

A yọ àwọn sípíríǹgì àtijọ́, a fi èyí tó nípọn tó sì gùn sí i, tí a rí lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, kí ikùn jíìpù lè ga sókè. Wẹ́dà tó wà ní òpópónà wa wá jó ibi tí wọ́n máa jókòó lé mọ́ abẹ́ ọkọ̀. A fi ṣọ́ọ̀kì gígùn sí i. A wá táyà ńlá eléyín ràgàjì, nígbà tí wọ́n sì ń ha ara ọkọ̀, a gé etí irin tó bo táyà kúrò. A mú ọ̀pá kan láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, a gbé e gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú títí dé òkè orí ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà mu omi tí a bá wọ odò. Wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítorí kùkùté. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó jó ọ̀pá irin mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi rọ́bà wé orí rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa fi ọwọ́ òsì tì í mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí jáàkì, ó dúró gíga gọgọrọ láàrin àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá rẹ̀ rìn yí i ká, ó gbá a ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé tó fẹ́ wà á, a rí ìṣòro kan tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí sítíárì. Kò sí ọwọ́ tó máa ti gíà. Tó bá sì jẹ́ inú ẹrẹ̀ ló ti fi sítíárì sílẹ̀, ọkọ̀ á lọ síbi tó wù ú.

"Jókòó síbí," ó ní. "Ìwọ lo máa máa ti gíà."

A lọ ń dánra wò ní ilẹ̀ oníyanrìn kan ní ìpẹ̀kun Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá omi. Á ní, "Kejì!" Màá tì í. Á ní, "Kẹta!" Màá tì í sódì, jíìpù á sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò nílò kó sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ti gbọ́ tí irin kílọ́ọ̀ṣì dún, ọwọ́ mi á ti lọ.

Ìdájí la kúrò l'Ékòó. Ọ̀nà ọ̀dà kò fún wa ní wàhálà. Igbó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A dé odò tí màmá ti ṣubú, omi gùn dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì sì ń mí láti òkè orí wa. A kọjá lára ọkọ̀ agbégi ńlá kan tó rì dé àárín táyà, awakọ̀ rẹ̀ dìde dúró, ó ń wò wá bí ẹni tó rí iwin. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi hó yèè.

Màmá jókòó síwájú ilé, wọ́n fi aṣọ òtútù bora. Ojú wọn ti wú. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan eyín táyà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹni yìí ni," ẹ̀gbọ́n mi nàka sí mi.

"Mo rán ọ lọ kọ́ ìwé," màmá ní, "o lọ kọ́ mẹkáníìkì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá ẹ̀rín náà dúró.

A sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, a tẹ́ fóòmù sẹ́yìn jíìpù níbi tí a ti yọ ìjókòó, a gbé màmá lé e. Àwọn sípíríǹgì tó nípọn yẹn ló ń gbé wa kọjá, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé aláìsàn wà lẹ́yìn. Kòtò kọ̀ọ̀kan ni màmá ń mí kanlẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi rọra wà á bí ẹni tó ru ẹyin. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ìlú, àwọn dókítà ń yanṣẹ́ lódì. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí a bá níbẹ̀ fún màmá lábẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ má dúró, ẹ máa gbé wọn lọ." Mo pe ilé ìwòsàn tí ọ́fíìsì mi ń lò ní Àpápá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì wà, dókítà ọkàn wà, ká máa bọ̀.

"A ti jáde nínú igbó," ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí a bọ́ sórí ọ̀dà. "Èyí tó le ti parí."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a dé ibi tí tírélà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tò sórí ìlà láti abẹ́ bíríìjì lọ síwájú, kọ̀ńténà wà lórí gbogbo wọn, ìkankan ò sì mira. Ẹ̀gbọ́n mi gun ẹ̀gbẹ́ títì. Ó gun pèpéle àárín ọ̀nà, ó gba orí pàǹtírí àti ọ̀gbàrá, jíìpù sì ń lọ. Mo gbàgbọ́ pé a máa dé. Lẹ́yìn náà la kan ibi tí kọnkéré dínà lápá kan, tí tírélà sì fara kan tírélà lápá kejì. Èèyàn nìkan ló lè gba àárín wọn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn tírélà tó wà níwájú wa.

"Oga, I no fit move," awakọ̀ náà wí láti òkè. "Front no dey, back no dey."

"Ìyá mi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà wa tírélà rí."

Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn jíìpù, ó sì fi eré lọ bẹ àwọn tó wà níwájú. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ara wọn. Tírélà kan sún síwájú díẹ̀, òmíràn sún sẹ́yìn díẹ̀. Kò tó nǹkan kan.

Mo gbé orí màmá lé itan.

"Ibo la wà?" wọ́n bi mí.

"Àpápá ni, mà. A ti dé."

"Ariwo yìí mà pọ̀. Ṣí fèrèsé."

Fèrèsé ti ṣí tẹ́lẹ̀.

Awakọ̀ yẹn àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé màmá lórí fóòmù, wọ́n gba àárín àwọn tírélà, èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà jíjìn láàrin àwọn táyà ńlá, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ sáré, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Mi ò lè dúró dè é.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi nǹkan àyẹ̀wò sí àyà màmá, ó tún fi sí i. Ó wò mí, ó mi orí. Mo ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ bó níbi tó ti ṣubú.

"Ṣé wọ́n ti fún wọn ní afẹ́fẹ́?" ó bi mí.

Ó wo ojú mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ni màmá ní ká sin àwọn sí. Awakọ̀ ọkọ̀ òkú ní òun ò lè kọjá ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé jíìpù yẹn náà la gbé pósí sí, a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé pósí gùn jù ú lọ, a sì fi okùn dè é. A gba odò yẹn padà. Kò bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò kú, kò mu omi. Ó ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ ọ láti ṣe. Èmi ń sunkún, mo sì ń ti gíà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi pa jíìpù sẹ́yìn ilé, ó ní òun ò wà á mọ́. Ọ̀kadà la gùn jáde nínú abà.

Pásítọ̀ wa ní ká dúpẹ́ pé a sapá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ní àárọ̀ mìíràn, bí mo bá ń múra ibi iṣẹ́, á bi mí pé, "Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà Orílé la gbà wọ Àpápá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo máa ń sọ fún un pé Orílé náà kún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Á mi orí díẹ̀, á ní kí n rọra máa lọ, màá sì jáde, màá gba àárín àwọn tírélà lọ sí Wharf Road.