Ilé La Ti Ń Yó Ròde

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé orí àpótí ni mo máa ń gùn kí n tó lè yọjú wo inú ìkòkò ìyá mi, òfin kan wà nílé wa ní Tchaourou tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ rú: a kì í fi ebi jáde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá awò ojú kiri kí ẹ tó lè ka ìwé yìí, ẹ mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a ó kọ́kọ́ jẹun. Bí a bá ń lọ kí àbúrò bàbá wa ní Alafiarou, a ó kọ́kọ́ jẹun. Bó tilẹ̀ jẹ́ ibi ìgbéyàwó, níbi tí ìrẹsì ti ń hó nínú ìkòkò ńlá tí gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn rẹ̀, ìyá mi á ti gún iyán láàárọ̀, á sì ní kí a gbé e mì kí a tó wọ aṣọ ọdún. "Ilé la ti ń yó ròde," ló máa ń wí. Àwọn ìyá ẹlòmíràn ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tiwa kò ní ẹ̀ṣọ́, iyán ló ní.

Ìdí òfin náà kò fara sin. Ọmọ tó bá ń wo ẹnu ẹlòmíràn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ̀bìà ni, orúkọ wọ̀bìà kì í sì í dúró lára ọmọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n á ní kò se oúnjẹ fún un nílé ni. Nítorí náà òfin kejì tẹ̀ lé àkọ́kọ́: bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ níta, "Ẹ ṣé, mo ti yó" ni èsì. Onílé á tún rọ̀ ọ́, wàá tún ní o ti yó. Bó bá rọ̀ ọ́ títí tó fi dà bíi pé ó fẹ́ bínú, nígbà náà ni wàá yíjú wo ìyá mi. Bó bá ṣẹ́jú, o lè na ọwọ́. Bó bá ń wo ilẹ̀, o ti yó nìyẹn títí tí ẹ ó fi padà délé. Ọ̀pọ̀ àkàrà gbígbóná ló ti kọjá lójú mi bẹ́ẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, tí èmi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí inú ń run.

Kì í ṣe pé oúnjẹ ilé wa kò dára o. Nígbà iṣu tuntun, iyán ìyá mi funfun, ó ń fà, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Obìnrin Fúlàní kan máa ń gbé wàrà wá láti ọ̀nà Goro, èyí tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró títí ó fi pọ́n, ìyá mi á gé e wẹ́wẹ́, á dín in, á sì dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ariwo epo yẹn nìkan tó láti lé gbogbo wa kúrò nídìí bojúbojú. Ṣùgbọ́n kí iṣu tuntun tó jáde, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí àká sì ti ṣófo, àdàlú la ń jẹ. Àdàlú láàárọ̀, àdàlú lálẹ́. Àwa ọmọ la ń fi àtàǹpàkò yín àgbàdo kúrò lára ṣúkù rẹ̀ títí ọwọ́ wa á fi bó, àwa náà la ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọmọ tó bá ráhùn, ìyá mi kì í nà án. Á kàn ní kó lọ lọ ata lórí ọlọ. Kò ní pẹ́ tí ọmọ náà á gbàgbé ara rẹ̀, á fi ọwọ́ ata nu ojú, ìráhùn rẹ̀ á sì di nǹkan mìíràn. Mo búra nígbà náà pé bí mo bá dàgbà, èmi àti àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀wà ti pínyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ kan tí òfin ìyá mi fi ojú mi rí màbo. Ìgbà kájú ni, gbogbo ọmọ ló ti fi omi èso kájú ba aṣọ jẹ́. Ìyá mi mú mi lọ kí ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Tchatchou, obìnrin Bààtọ̀nú kan, ẹ̀yà Bàrìbá, tó láàánú púpọ̀. Ọkọ̀ tètè dé lọ́jọ́ náà, a ò sì ráyè jẹun nílé. Obìnrin yìí gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹtù, itan ẹtù náà yọrí síta. Ó ní kí n wá jẹun. Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi, mo ní mo ti yó. Mo wá ń dúró kó rọ̀ mí. Kò rọ̀ mí. Ó yin ìyá mi pé ọmọ rẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn, ó gbé àwo náà fún àwọn ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ lójú mi, wọ́n fọ́ egungun rẹ̀, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Mo wo ìyá mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà, mo bú sẹ́kún, ó sì já mi léèékánná nítan. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "O ṣe bí ọmọ ilé ire." Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n jẹ́ ọmọ ilé burúkú kí n sì jẹ itan ẹtù, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ìyá yìí kan náà ṣì wà láàyè, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwà yìí ba nǹkan jẹ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́.

Ọmọ mi obìnrin, Ràfíátù, tí ìyá mi tọ́ fún ọdún díẹ̀ nígbà tí mo ń ṣòwò ní Cotonou, ń dáná ní ilé oúnjẹ kan ní Parakou. Ọkùnrin kan tó ti gbé òkè òkun ló dá a sílẹ̀, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó fẹ́ ṣí tirẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó wù ú ju iwájú ilé wa ní Tchaourou, lẹ́bàá títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Ìyá mi ló ni ilé náà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ràfíátù lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní, "Kí n jẹ ẹ́ ná." Nílé wa, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ohun tí àgbà kò bá fẹnu kàn, kì í ṣàdúrà lé e lórí. Bó bá jẹ ẹ́, ó ti gbà. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí Ràfíátù lọ wá ibòmíràn, kò sì sí ibòmíràn tí apá ọmọ náà ká. A dá ọjọ́ Àìkú kan. Ràfíátù kò sùn dáadáa fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo wọ ilé pé kí n mú ìyá mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ìró odó. 

Mo ní, "Ìyá, oúnjẹ la ń lọ jẹ."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣé o wá fẹ́ kí n fi ebi wọ ilé oúnjẹ ni? Kí wọ́n ní Ràfí kì í fún ìyá rẹ̀ àgbà lóúnjẹ?"

"Ràfí náà ló ń dáná níbẹ̀, Ìyá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ń lọ."

"Jókòó, kó o jẹun."

Èmi tí mo ti ní ewú lórí, mo jókòó, mo jẹ iyán. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó pe awakọ̀ takisí tó ń dúró dè wá níta, ó bu iyán fún òun náà. Ọkùnrin yẹn jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó sì wa ọkọ̀ dé Parakou pẹ̀lú oorun lójú. Láti Tchatchou títí a fi dé, mo kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi. Ó sú mi. Òun ń wo ojú fèrèsé, ó ń kí oko olóko pé àgbàdo wọn dára.

Ilé oúnjẹ náà kò tóbi. Wọ́n kun tábìlì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n ya fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sára ògiri, ìgò ata wà lórí tábìlì gbogbo. Wọ́n fi wá jókòó. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ gbé àwo kan wá síwájú ìyá mi ṣáájú ẹni gbogbo. Burẹ́dì àgbàdo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní tọ̀tíyà ni, wọ́n ká a po, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n tẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fọ́ wàrà sí i, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Mo wò ó. Àgbàdo àti ẹ̀wà. Mo sá fún wọn láti kékeré, wọ́n gba Mẹ́síkò yí ká, wọ́n wá pàdé mi ní Parakou.

Ìyá mi na ọwọ́, ó rọra ti àwo náà sẹ́yìn. "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Mo ti yó."

Ọmọbìnrin náà, tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, dáhùn pé, "D'accord, mamie," pé ó dáa, ìyá àgbà, ó sì gbé àwo náà padà sí ibi ìdáná.

Mo fọwọ́ lérán. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Láìpẹ́ ni Ràfíátù jáde, aṣọ ìdáná lára rẹ̀, àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dúró níwájú wa, kò lè sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà rẹ̀, èmi ló kọjú sí.

"Maman, tí mamie kò bá fẹ́ fún mi ní iwájú ilé, kí wọ́n kúkú sọ ọ́ tààrà, quand même. Kí ló dé tí wọ́n fi wá?"

Ara mi gbóná. Mo yíjú sí ìyá mi, mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yìí ṣí i ni, àbí oúnjẹ rẹ̀ ló kó yín nírìíra? Ẹ ti pa ebi mọ́ wa nínú láti kékeré, ẹ má ṣe fi èyí pa ọmọ mi náà lẹ́kún."

Àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti ń wò wá. Ìyá mi kò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo Ràfíátù, ó ń fọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀.

"Ràfí, má sunkún. Oúnjẹ rẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tó gbé oúnjẹ ka iwájú mi rí, tó ní kí n jókòó kí n máa jẹ, kí àwọn èèyàn máa wò mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

 Ràfíátù bọ́ aṣọ ìdáná, ó fa àga, ó jókòó tì í. Ó ní, "Bon. A óò jọ jẹ ẹ́, mamie." Ó ya tọ̀tíyà náà sí méjì, ó fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́.

Ìyá mi kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n ti fún mi. Ó bèèrè awakọ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tí wọn kò tíì fún lóúnjẹ, ó ní Bísímílà, ó bu ú jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, a sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí àwọn wọ̀bìà.

Ó ní, "Àgbàdo ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mamie."

"Ẹ̀wà nìyí. Wàrà nìyí. Ṣé àdàlú ni ẹ lọ kọ́ dé Mẹ́síkò?"

Ràfíátù ń rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyá mi na ọwọ́ sí ìgò ata, ó dà á lé e, ó tọ́ ọ wò, ó ní ata ọmọ ọwọ́ ni, ó tún dà sí i. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó jẹ tèmi náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ lé Ràfíátù lórí, ó ṣàdúrà gígùn, àwọn tábìlì kejì sì ń ṣe Àmín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó parí rẹ̀ báyìí pé, "Ẹ wó àtíbàbà iwájú ilé yẹn, kí ẹ ráyè gbé tábìlì sí."

Ilé oúnjẹ Ràfíátù ti wà lẹ́bàá títì báyìí. Ayé ti yàtọ̀ sí ti ìgbà èwe wa. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í dé ẹnu ọ̀nà onílé kí wọ́n tó kígbe pé ebi ń pa àwọn, kò sì sí ẹni tó ń já wọn léèékánná. Nígbà mìíràn ó ń bí mi nínú, nígbà mìíràn mo ń jowú wọn. Ìyá mi kò sì yé tán mi ní sùúrù. Bí mo bá ń lọ jẹun lọ́dọ̀ Ràfíátù, tí mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun kí n tó wá jẹun.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ ti rí i, mo rántí gbogbo ohun tí mo jẹ ní kékeré, títí dórí èyí tí n kò jẹ. Lọ́jọ́ kan mo bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé kí ni ìyá wa fẹ́ràn láti máa jẹ nígbà náà. Ọ̀kan ní bóyá iyán. Èkejì ronú títí, ó ní, "Ohun tó bá kù nídìí ìkòkò."  Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bi ara yín wò.

Èmi ti mọ ẹyọ kan báyìí. Tọ̀tíyà gbígbóná, ẹ̀wà dúdú, wàrà púpọ̀, ata tó ń mú èèyàn dá òógùn, kí wọ́n sì gbé e wá bá a níbi tó jókòó sí.