Lẹ́tà Tí Malam Garba Kò Kà

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì ni. Àwa mẹ́ta ló wà nínú kafé íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní Gawon Nama: èmi, Sàúdá tó ni kafé náà, àti Dèjì, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ohun tó bá mi níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lórí group yìí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí níbí ní Sókótó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Bíríkìlà ni mo kọ́kọ́ ṣe; mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì girama. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi gba digirí, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi gba másítà. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ilé mi ní Gagi kò gbà mí mọ́. Tí mo bá jókòó, màá tún dìde. Tí mo bá dìde, màá máa wá nǹkan tí mo fẹ́ tò, bẹ́ẹ̀ mo ti to gbogbo rẹ̀ tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìdarí ilé-ẹ̀kọ́, ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ èèyàn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ iṣẹ́ tí yóò gba gbogbo ọkàn mi. Bí n kò bá wọlé lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa ní ọdún tó máa fi ṣòfò?

Fọ́ọ̀mù náà gùn. Wọ́n ní kí èèyàn méjì kọ̀wé nípa mi, kí kálukú fi email ara rẹ̀ ránṣẹ́. Olùkọ́ mi ní yunifásítì kọ tirẹ̀. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni Malam Garba, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa kó tó fẹ̀yìn tì. Kofar Marke ló ń gbé. Kò ní email.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ta nínú wa ni ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún rí? Ọ̀gá á ní kó o lọ kọ ọ́ wá, kí òun buwọ́ lù ú. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ. Malam gbé e lé orúnkún, ó buwọ́ lù ú, ó sì bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Gagi. Sàúdá ṣí email lórúkọ rẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, mo fi fọ́ọ̀mù tèmi ránṣẹ́, mo jáde nínú email mi, mo wọ ti Malam, mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Kò sí ohun tó sọ fún mi pé mo ṣe ohun tí kò dáa.

Lọ́jọ́ Àlàmísì tí mo ń sọ yìí ni èsì dé. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì wọn ló kọ ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní orí kọ̀ǹpútà kan náà ni fọ́ọ̀mù mi àti lẹ́tà Malam ti wá, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé Malam Garba fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà? Kí n fèsì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pa fáìlì mi dé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Tíṣà," Sàúdá sọ. Ọmọ Ìlọrin ni, àmọ́ Sókótó ni wọ́n bí i sí. "Ṣé wọ́n máa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó ní Gawon Nama ni?"

Dèjì ní, "Sà, ẹ sọ pé kafé kan náà lẹ jọ ń lò. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ìwọ gan-an," Sàúdá dá a lóhùn, "lẹ́tà tó o fi gba àyè lọ sílé lóṣù tó kọjá, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá yìí ló buwọ́ lù ú."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀, mo tún pa á rẹ́. Mo dìde, mo wá ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí Kofar Marke.

Malam ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni. Ó wà lórí ẹní lábẹ́ igi dongoyárò tó wà níwájú ilé rẹ̀. "Sannu, Malam Raji. Jókòó." Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó.

"Ṣé èèrà wà lórí ẹní mi ni?" ó bi mí.

Mo ṣàlàyé fún un. Kò rí ohun tó le níbẹ̀. "Ṣebí mo buwọ́ lù ú? Tèmi ni." Ó wá ní, "Àmọ́ kí ni mo sọ níbẹ̀?"

Ẹ̀dà kan wà nínú àpò mi. Mo kà á fún un. Mo débi tí mo kọ ọ́ sí pé olórí tó ní sùúrù ni mí, tó máa ń tẹ́tí sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Malam na ọwọ́ dá mi dúró.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Haba, Malam Raji. Ìwọ tó ń lẹ ìwé mọ́ bọ́ọ̀dù?"

Òótọ́ ni. Tí mo bá fẹ́ yí nǹkan padà, n kì í pe ìpàdé. Màá kọ ọ́ sí ìwé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù ní yàrá àwọn olùkọ́, màá bá tèmi lọ. Malam sọ fún mi pé olùkọ́ méjì ló wá bá òun nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀gá pé kí òun gbé àwọn kúrò lábẹ́ mi. Ó bẹ̀ wọ́n, ọ̀kan gbà, èkejì lọ.

Mo ní n kò mọ̀ pé tìtorí mi ló fi lọ.

"Ta ni ì bá sọ fún ọ? O ti lẹ ìwé, o ti lọ." Ó wá wo ojú mi. "Ti ògiri ńkọ́? Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ síbẹ̀?"

Lọ́dún kan, ìjì wó ògiri kíláàsì méjì. A kọ̀wé sí ìjọba, a kọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Nígbà ìsinmi mo po sìmẹ́ǹtì fúnra mi, mo sì mọ ògiri náà padà. Mo sọ òótọ́ fún Malam: ojú ló tì mí. Ṣé wọ́n á fún bíríkìlà ní oyè ọ̀mọ̀wé?

"Tí n bá máa kọ ọ́," ó ní, "ti ògiri àti ti bọ́ọ̀dù ni màá kọ."

Mo dìde, mo rìn dé ẹ̀bá títì, mo padà. Ẹ rò ó wò. Èèyàn fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá rẹ̀ wá kọ̀wé pé kì í bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló máa mú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Gbogbo ọdún tí mo lò lábẹ́ Malam, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó rò nípa mi, pé kò ka lẹ́tà náà ló sì fẹ́ jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti buwọ́ lu ohun tí ẹ kò kà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kọ lẹ́tà ara yín fún ọ̀gá yín, ó wù mí kí n gbọ́ bó ṣe rí fún yín. Ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé Malam lọ sí kafé. Mo kọ́kọ́ fèsì fún obìnrin náà: rárá, èmi ni mo kọ ọ́, Malam buwọ́ lù ú láìkà á, ó wà níbí báyìí, ó sì fẹ́ kọ tirẹ̀. Sàúdá yọjú wò ó. "Bàbá Tíṣà, ẹ ti ba nǹkan jẹ́." Síbẹ̀ ó fa àga fún Malam.

Ìka kan ni Malam fi ń tẹ̀. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún bíi wákàtí kan. N kò dìde. Nígbà tó parí, ó pè mí pé kí n wá kà á kí a tó fi ránṣẹ́. Mo ní rárá, sà. Mo ní kí Sàúdá fi ránṣẹ́.