Wọ́n Ní Ó Mi Ọmọ Jìgìjìgì

Nígbà kan, Mojísọ́lá Ògúndàmọ́lá wẹ Táíwò lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wẹ Kẹ́hìndé rárá. Àdúgbò rẹ̀ ní Ìlúpéjú-Èkìtì fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wẹ ọmọ tuntun fún àwọn abiyamọ tí ìyá wọn kò sí nítòsí.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ó máa ń ju ọmọ sókè. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ṣe é rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀, ó ti jáwọ́.

Ọmọ oṣù kan ni Dára, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Mojísọ́lá ń wẹ̀, nígbà tí gìrì mú un. Ní ọsibítù aládàáni kan, dókítà rí ẹ̀jẹ̀ nínú orí rẹ̀. Ó tan iná sí ojú rẹ̀, ó tún rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú.

"Wọ́n mi ọmọ yìí jìgìjìgì ni. Ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

Ó bi Bùsáyọ̀, ìyá ọmọ náà, bóyá Dára gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dì. Bùsáyọ̀ ní ó gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba. Irọ́ ni. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ rẹ̀ ló bí i sí, níbi tí kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Èébú àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sá fún.

Lọ́jọ́ kejì, Samson ọkọ rẹ̀ pàdé Mojísọ́lá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má wọ ulé mi mọ́! Ẹni tí kò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé ni mo gbé ọmọ lé lọ́wọ́!"

"Samson, èmi tí mo wẹ ìwọ náà?"

"Abájọ tí orí mi ò fi pé!"

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Bùsáyọ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyá tó ránṣẹ́ pe Mojísọ́lá mọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gún Dára lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù náà kò yé ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adédoyin ní ọsibítù mìíràn, ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tó rí i pé kì í dì.

"Ìyá Dára, ibo gan-an lẹ bí i sí?"

Bùsáyọ̀ bú sẹ́kún, ó sọ òótọ́. Wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ẹnikẹ́ni kò mì ín. Ó yè, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran.

Samson kò lọ bẹ Mojísọ́lá. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjọ kò gbọdọ̀ dé ìta. Bùsáyọ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run wo ọmọ òun sàn. Àwọn èèyàn jó, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni Mojísọ́lá wà nígbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, ní ilé àbúrò rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń yan gàrí.