Orúkọ Tí Àǹtí Kò Kọ Sínú Ìwé

Pátákó kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Àǹtí, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí etí mi kò gbọ́. Bàtà ni mo ń tún ṣe. Òun, orúkọ ló ń fi òwú kọ sára aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun. Obìnrin tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ládùúgbò wa, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dù. Tirẹ̀, Àǹtí Olórúkọ ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ẹni tó ro ohun tó wà nínú ìpè yẹn. Èmi náà kò rò ó, bẹ́ẹ̀ mo sì ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Ìwé kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Orúkọ ọmọbìnrin ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí ẹ kò lè gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò yín. Iris, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì, tó jẹ́ pé òṣùmàrè ni ọ̀nà rẹ̀. Saule, oòrùn fúnra rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará Lituéníà. Sedna, ìyá inú òkun fún àwọn tó ń gbé lórí yìnyín. Chang'e, obìnrin ilẹ̀ Ṣáínà tó fò lọ sínú òṣùpá, tó sì ń dá gbé níbẹ̀. Eléyìí ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Àǹtí, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n máa wò tí wọ́n á fi sọmọ lórúkọ ẹni tó dá gbé inú òṣùpá?"

"Bàbá Oníbàtà, ẹni tó dá gbé náà lórúkọ," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Òfin kan ló ní. Kò ní fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ àfi tí ìyá ọmọ bá kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó pe orúkọ náà síta bí ẹni pé ọmọ ti rìn jìnnà. Ó ní orúkọ tí kò bá ṣeé fi pe ọmọ wálé, kò wúlò. Báyìí ni àwọn abiyamọ ṣe ń pariwo "Iris o! Saule o!" sí títì, tí àwọn tó ń kọjá ń wẹ̀yìn, tí èmi náà ń rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi ń gún mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì wá. Ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀, kò rí èyí tó wù ú. Ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àǹtí, ohùn kan tí n kò mọ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀kan wà tí mi ò kọ síbẹ̀. Anahita. Òrìṣà omi ni, nílẹ̀ Páṣíà àtijọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí kò lábàwọ́n."

Tíṣà bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Anahita o! Anahita!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Mo ń retí ìró ẹ̀rọ, n kò gbọ́ ọ. Nígbà tí mo yọjú, Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, omijé sì ń bọ́ sórí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

"Tó bá ti ń rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá," ló ń sọ fún tíṣà. "Kí n gbọ́ bí ẹ ṣe ń pè é. Kí n rí i bó ṣe ń dáhùn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tirẹ̀ ló ni orúkọ náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni dókítà fi ní kó dùbúlẹ̀ nígbà oyún, àkókò yẹn ló fi ń ka ìtàn àtijọ́ gbogbo ayé, tó ń ṣa orúkọ jọ. Ọmọ náà dé, kò sunkún. Nọ́ọ̀sì kọ "ọmọbìnrin" sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ náà nínú ilé, kí àwọn lè tètè gbàgbé. Ọkọ gbàgbé lóòótọ́. Ó gbàgbé ìyàwó mọ́ ọn.

"Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé," ló wí. "Ohun tí mo ṣáà fẹ́ ni kí ẹnì kan máa jẹ́ ẹ. Kí wọ́n pè é, kó dáhùn."

Látìgbà náà ló ti ń ka oṣù. Ó ní ọmọ á ti máa jókòó. Ó ní á ti máa rá. Ó ra àga kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo bi í pé àga ta ni, ó ní kí n gbájú mọ́ bàtà.

Ọmọ náà ti lé ní ọdún méjì kí tíṣà tó mú un wá. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí ni ọmọ já ọwọ́ gbà, ó doríkọ títì.

"Bọ́ọ̀lù! Bọ́ọ̀lù, padà wá!" ni tíṣà kígbe.

Ọmọ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó sáré wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí dìde dúró.

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ẹnu ìyá ọkọ mi ò gbé tiyín rárá. Wọ́n ní ọmọ àwọn rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, gbogbo ilé bá gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ o!" Ó fẹ́ fi tẹ́ Àǹtí lọ́rùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Anahita! Anahita, kí Màmá."

Ọmọ ń fa òwú pupa jáde nínú agbọ̀n. Kò wẹ̀yìn. Tíṣà tún un pè. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọlé tọ Àǹtí. Inú ń bí mi sí tíṣà, sí ìyá ọkọ rẹ̀, sí gbogbo ẹni tó lẹ́nu tí kò fi ṣe nǹkan gidi. Òun ń ká òwú pupa náà padà.

"Àǹtí, kí ló wá dé tí ẹ̀yin fúnra yín ò fi orúkọ náà pe ọmọ tiyín látọjọ́ yìí? Ṣebí ẹ lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá pè é nínú yàrá yín, ta ló máa mú yín?"

Ó ká òwú náà títí ó fi tán.

"Mo ti fẹ́ pè é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì," ló wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá Oníbàtà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní dáhùn."