Odó Lókè Orí Ìyá

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe ní Lọ́kọ́jà, ẹnu mi sì mú ju pẹ́ńsù mi lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ẹbí wa síwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, olórí ẹbí tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, odó ló borí ẹnu mi.

Ilẹ̀ náà kò tóbi, àmọ́ ẹsẹ̀ Òkè Patti ló wà, níbi tí omi Odò Ọya kì í dé. Ilé wa àtijọ́ ní ìsàlẹ̀, ọdọọdún ni omi ń lé wa jáde níbẹ̀. Mo ya ilé mẹ́jọ tí ògiri wọn so mọ́ra sí iwájú, mo ya pẹtẹ́ẹ̀sì onífúláàtì sẹ́yìn, kí ibẹ̀ lè gba gbogbo wa. Bí Ìyá bá kọ̀, a ó ta ilẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rà á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi ẹsẹ̀.

Ìyá wo fúláàtì ìsàlẹ̀ tí mo yà fún un. "Ta ló ń gbé lórí mi?"

"Ìyàwó ọmọ yín ni."

"Kí ló ń jẹ?"

"Iyán ni, Ìyá. Àbí búrẹ́dì ni ará Yàgbà ó máa jẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ pẹtẹ́ẹ̀sì alájà pákó tí a háyà nígbà tí omi lé wa la jókòó sí. Ìyá ní kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé odó lọ sókè, kó gún iyán níbẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, máa ṣàlàyé lọ."

Mo lanu. Gbì! Àjà mì. Gbì! Eruku bọ́ sórí àwòrán mi. Mo pariwo bí oníwàásù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Èmi tí mo jẹ iyán dàgbà, mi ò rántí odó nínú gbogbo ilé ìdáná tí mo yà! Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti bọ́ bàtà, ó wọlé, ó súnmọ́ wa.

"Bó bá gún un, mi ò ní sùn," Ìyá wí. "Bí mo bá ní kó má gún un, ó dìjà. Èwo lo yà fún mi níbẹ̀?"

Mo fi rọ́bà pa ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà láàárín ilé iwájú àti pẹtẹ́ẹ̀sì rẹ́, mo ya òrùlé kan tí kò ní ògiri síbẹ̀. "Ilẹ̀ ni gbogbo odó ó wà, Ìyá. Ibẹ̀ la ó ti máa gún un."

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?" àbúrò bàbá mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá ké.

"Ẹ máa gbé e sùn."

Ìyá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó ya òbìrí kékeré kan sí igun abẹ́ òrùlé náà. "Odó tèmi nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má gbé tirẹ̀ síbẹ̀."

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.