Ọjọ́ Tí Ìpín Ìdí-Àràbà Ju Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Lọ

Bí òórùn kajú tó pọ́n jù bá ti dé imú mi, tó sì lọ pàdé òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó ìrókò, kì í ṣe oko ni ọkàn mi máa ń lọ. Kọ̀ǹpútà ni. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, torí o mọ̀ mí láti kékeré, o sì mọ̀ pé kíláàsì kẹrin ni èmi àti ilé-ìwé ti pínyà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Lábẹ́ igi kajú iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ní ìlú wa tí ọ̀kadà kì í pẹ́ gbé èèyàn dé Kàbà, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kóòdù ya òbìrìkítí alápín sínú ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà. Páì ṣáàtì ni àwọn tó lọ sílé-ìwé ń pè é. Bí o bá kó gbogbo káfíńtà jọ láti Iffe títí dé Odò-Ẹrẹ̀, wá ẹnìkejì mi láàárín wọn, kí o wá sọ fún mi.

Omi ló gbé mi débẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà l'Ábújá ló ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, ẹyọ kan ṣoṣo. Àdúgbò mẹ́rin la sì ní. Ìdí-Àràbà, tí í ṣe ti ilé wa, ni àgbà, torí àwọn baba ńlá wa ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Òkè-Àpáta ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ọ̀nà-Ọjà. Sàbó, tí àwọn tó wá dáko lọ́dọ̀ wa kọ́ láyé àwọn bàbá wa, ni àbíkẹ́yìn. Àwọn ará Ábújá ní àwọn ò fẹ́ ìjà. Wọ́n ní ká ka ilé tó ṣì ń mu omi odò ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ká fi ṣe àwòrán kan tí ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan náà. Àdúgbò tí ìpín rẹ̀ bá tóbi jù ló ni kànga. Wọ́n wá fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ omi. Ta ni wọn ì bá tún fi ṣe é?

Ìyàwó àbúrò mi ló mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama wa. Ọkọ mi ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé tó mọ iyì ilé ọkọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ. Èmi náà ń pè é ní Ìyàwó. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi torí sólà tó wà lórí òrùlé mi. Mo ní kó máa ṣe é kí n máa wò ó.

"Ọkọ mi, bí ẹ bá máa wò, ẹ kúkú tẹ̀ ẹ́ fúnra yín," ló wí. "Ẹ̀yin ni alága."

Ó rò pé mo máa sá. Mo gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lọ́wọ́, mo fa àpótí, mo jókòó. Mo bi í léèrè orúkọ èdè tí a fẹ́ fi bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, ó ní Páítọ̀n ni. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń pe òjòlá ní èdè òyìnbó nìyẹn. Mo ní kò burú, mo ti pa òjòlá rí lóko.

Mo bi í pé kí ló dé tí a ò kàn fọwọ́ yà á sórí ìwé. Ó ní àwọn èèyàn á máa mú iye tuntun wá lójoojúmọ́, àti pé bí a bá ti kọ kóòdù rẹ̀, a kàn máa pààrọ̀ nọ́ńbà ni, òbìrìkítí á tún ara rẹ̀ yà. Ó yé mi kó tó sọ ọ́ tán. Bí mo bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ àga mẹ́rìnlélógún, ṣé mo máa ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Pákó àwòṣe kan ni mo máa ń gé, gbogbo ìyókù á tẹ̀lé e. Àwòṣe ni kóòdù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní òun máa fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ín.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú kóòdù yẹn, àpótí irinṣẹ́ ló ń pè wọlé. Ìlà kejì ni orúkọ àwọn àdúgbò, gbogbo wọn nínú àkámọ́ kan, kọ́mà láàárín wọn. Ìlà kẹta ni iye ilé, nínú àkámọ́ tirẹ̀. Orúkọ àkọ́kọ́ á mú iye àkọ́kọ́, ìkejì á mú ìkejì, bí ọmọge àti ọmọkùnrin tó ń tò méjì méjì tẹ̀lé ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀ ló ń kọ wọ́n sínú ìwé onílà, orúkọ lápá òsì, iye lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ fún ẹ̀rọ pé kó ya òbìrìkítí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì gé e bí iye kọ̀ọ̀kan bá ṣe tó. Ìka méjì ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀. Kọ́mà kan tí mo gbàgbé gba odindi òwúrọ̀ kan lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà ìdánwò lásán la kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé náà tí mo rí òbìrìkítí aláwọ̀ mẹ́rin tó jókòó síbẹ̀, tí etí rẹ̀ dán ju èyí tí ayùn lè gé lọ, mo ké sí obìnrin tó ń ta epo lódìkejì títì pé kó wá wò ó. Ó wò ó. Ó ní ó jọ iyán tí wọ́n gé fún ọkùnrin mẹ́rin tí ń bínú síra wọn.

Nígbà tí àkókò àtika ilé dé, a fi òfin kan lélẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ka àdúgbò ara rẹ̀. Òkè-Àpáta ni wọ́n fún mi. Mo wọ ojúlé kan jáde sí òmíràn, ilé mẹ́rìnlá ni mo bá tó ń mu omi odò. Bí ìwé àwọn tó lọ kà ṣe ń wọlé ni Ìyàwó ń kọ ọ́ sínú kóòdù. Ti Sàbó ló kọ́kọ́ dé, ti Ìdí-Àràbà ló gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́bọ̀, wọ́n pè é láti Iffe pé àbúrò rẹ̀ ti bímọ. Ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún mi, ó ní, "Ọkọ mi, iṣẹ́ ti parí. Kí ẹ kàn ṣí i lọ́la, kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé ní Kàbà. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ìwọ náà mọ̀ mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹtì, mo ṣí kóòdù náà, mo rí i pé Sàbó ló ṣáájú. Inú mi kò dùn. Nílùú wa, bí a bá pa ẹran ọdún, bí a bá bu obì, bí ẹmu bá dé àárín agbo, Ìdí-Àràbà ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́. Tí àgbà àdúgbò wa bá rí Sàbó lókè ìwé, ìpàdé á túká kí wọ́n tó ka ìlà kejì. Mo wá tún àwọn orúkọ tò bó ṣe yẹ, láti orí àgbà dé orí àbíkẹ́yìn. N kò gbàgbé kọ́mà kankan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ṣí ìwé onílà, ta ni mo rí tó gba bí ìdajì òbìrìkítí? Ìdí-Àràbà. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, mo sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé àwa la ń jìyà omi jù nílùú yìí. Ojú tó bá ti rí ohun tó ń wá kì í dúró ka nọ́ńbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Mo gbé láptọ́ọ̀pù wá nínú àpótí onígi tí mo kàn fún un, mo gbé e sórí tábìlì kí gbogbo ayé lè rí i, mo sì lẹ ìwé tí mo tẹ̀ ní Kàbà mọ́ pátákó. Mo kí wọn bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, "Òkun o," wọ́n dáhùn. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kọ kóòdù náà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, àwọn tíṣà pàápàá ń mi orí. Akọ̀wé ìlú ti gbé fóònù rẹ̀ sókè láti ya àwòrán tó máa fi ránṣẹ́ sí Ábújá. Ìgbà náà ni obìnrin aránṣọ Sàbó dìde. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n téèpù ló fi ń jẹun. Kò sí nọ́ńbà tó lè sá pamọ́ fún un.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ará Sàbó tí a ń gun àpáta lọ síbi odò kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ní ìpín tó tín-ín-rín yẹn?"

"Ẹ̀rọ ló gé e," ni mo wí. "Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú."

"Mo gbọ́. Ilé mélòó ló ń mu omi odò ní Ìdí-Àràbà?"

Mo wo ìwé. "Mọ́kànlélógójì."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń sọ pé kò sí ilé kan ní Ìdí-Àràbà tí ẹ̀yin ò kan ilẹ̀kùn ojúlé rẹ̀?"

"Kò sí ọ̀kan," ni mo dá a lóhùn, mo tún na àyà. "Látorí ti àgbà wa yìí dé ilé tó kángun sígbó. Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ilẹ̀kùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Ó rọra jókòó. "Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé?"

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn ará Sàbó ń lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ará Ọ̀nà-Ọjà ń nu omijé ẹ̀rín. Èmi rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sí ìpín Òkè-Àpáta, mo rí méjìdínlógún níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yìí ló wọ Òkè-Àpáta, mẹ́rìnlá ni mo kà. Àgbà àdúgbò wa fa ẹ̀wù mi, ó sọ ọ́ sí mi létí, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ti sọ̀rọ̀." Akọ̀wé sì ń bi mí, "Alága, ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi, ìṣẹ́jú yẹn gùn. Bí mo bá dákẹ́, tiwa ni omi, wọ́n á sì máa wárí fún mi ní Ìdí-Àràbà títí ayé. Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yẹn tó lè ṣí kóòdù kó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí kọjá ìyẹn: iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wọ́ lórí pátákó yẹn. Èmi kì í kan ilẹ̀kùn tó wọ́ kí n sọ fún onílé pé ògiri rẹ̀ ló ṣẹ́.

"Má fi ránṣẹ́," ni mo sọ fún akọ̀wé.

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mo fi ìka tẹ̀lé ìlà kejì, mo tún fi tẹ̀lé ìkẹta, ó sì hàn kedere. Orúkọ ni mo tún tò. Iye wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí-Àràbà bọ́ sípò Sàbó, ó sì gba iye Sàbó. Sàbó rìn lọ sẹ́yìn, ó bá mẹ́sàn-án tiwa níbẹ̀. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Èmi ni mo ṣì í. Mo fẹ́ kí àgbà ṣáájú, mo gbé orúkọ, mi ò gbé ẹrù tó rù." Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ìyá tó bí mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí.

Mo tún iye tò níṣojú wọn. N kò dá Sàbó padà síwájú. Mo fi àgbà sílẹ̀ níbi tí àgbà wà, mo kàn fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yí tábìlì ká, aránṣọ yẹn fi èjìká rẹ̀ tì mí kó lè rí i. Ìdí-Àràbà ló ṣáájú lókè, ìpín rẹ̀ tín-ín-rín bí awẹ́ obì kan. Sàbó ló kẹ́yìn, ó sì gba ìdajì àwo. Àgbà wa tẹjú mọ́ ọn títí, mo rò pé yóò bínú.

Ó ní, "A ṣáájú?"

"Ẹ ṣáájú, Bàbá."

"Ó dára. Ẹni tó ti débì kan tipẹ́, tí kò tíì gbẹ́ kànga tirẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ sílé.

Nígbà tí Ìyàwó dé láti Iffe, kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Ọkọ mi, mo gbọ́ pé ojú fèrèsé lẹ gbà dé." Ojú Fèrèsé ni wọ́n ń pè mí ní Sàbó dòní, mi ò sì bínú sí i. Ìwé tí mo ṣì ṣe yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lókè bẹ́ǹṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, mo máa ń sọ fún un pé èmi nìkan ni káfíńtà tó ti fi kóòdù ṣe àṣìṣe rí ní gbogbo agbègbè yìí, torí àwọn ìyókù ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kànga Sàbó, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí omi kọ́kọ́ tú jáde, gbogbo àwọn ará Sàbó dúró pẹ̀lú ike àti korobá wọn, kò sẹ́ni tó bu ú. Aránṣọ yẹn mú ife kan, kékeré tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóògùn, ó bu omi sí i, ó gbé e wá síbi tí èmi àti àgbà wa jókòó sí.

"Ìdí-Àràbà ló ń ṣáájú," ló wí.

Àgbà wa mu díẹ̀, ó gbé e fún mi, mo mu èyí tó kù. Ẹnu kan péré ni. Omi náà tutù, ó ní ìtọ́wò òkúta. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè mí níwájú níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, mo máa ń jáde pẹ̀lú ayọ̀, torí mo ṣì fẹ́ràn iwájú bó o ṣe mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti máa wo ohun tó wà nínú ife kí n tó na ọwọ́.