Etí Tó Ń Yẹ Wúrà Wò

Ní àdúgbò tí ìyá kan tó ń jẹ́ Monjia ń gbé ní ìlú Sfax, kò sí obìnrin tó máa ra wúrà láìgba ilé rẹ̀ kọjá. Wọn á kó yẹtí wá, Monjia á fi sétí sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí etí ò wú, wúrà ni. Bó bá ń yún un, tó ń ṣomi, ayédèrú ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo bí inú obìnrin yìí ṣe máa ń dùn! Ẹ̀bùn Ọlọ́run ló ń pè é, kò pè é ní àìsàn rí.

Ẹ̀bùn yìí náà ló ba ìgbéyàwó Olfa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́. Ghazi, àfẹ́sọ́nà Olfa, mú yẹtí wúrà funfun wá. Monjia fi sétí sùn, ó jí, etí ti wú. Lójú gbogbo obìnrin àdúgbò ló ti jù ú sórí itan Naziha, ìyá Ghazi.

"Ẹ gbé irin yín! Ṣé orí ààtàn lẹ rò pé mo ti ṣa ọmọ mi ni?"

Naziha mú yẹtí náà. Ó fi ìborùn nu ojú, ó bá tirẹ̀ lọ. Olfa sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ títí, Monjia fi àáké kọ́rí. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín ìyá àti ọmọ.

Ìgbà tó yá, Monjia lọ gbin eyín àtọwọ́dá. Kí Dókítà Hedi tó ri irin mọ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀, ó bi í bóyá nǹkan kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà.

"Ara mi le bí igi ólífì. Ṣiṣẹ́ ẹ, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí èrìgì fi wú, tí ẹnu ń ta á bí ẹni jẹ ata, tí búrẹ́dì lásán di ìyà. Ó já wọ yàrá dókítà.

"Hedi! Ayédèrú lo rì mọ́ mi lẹ́nu! Etí mi kì í parọ́, ẹnu mi náà ò ní parọ́!"

"Etí wo, Màmá?"

Ó rò ó fún un tìgbéraga-tìgbéraga. Hedi ò rẹ́rìn-ín. Ó lẹ oríṣiríṣi irin wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn kó lè mọ èyí tí ara rẹ̀ ò gbà, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Nígbà tó ṣí i, ibì kan ṣoṣo ló pọ́n, tó lé.

"Irin tó ń jẹ́ níkẹ́lì nìyí. Ara yín ni ò gbà á. Irin inú egungun ò ṣe nǹkan kan, inú eyín tá a fi dé e ni níkẹ́lì wà. Màá yọ ọ́, màá fi tánganran rọ́pò. Kì í ṣe ayédèrú o, Màmá."

Monjia fọwọ́ kan etí. "Ṣé wọ́n máa ń po nǹkan yìí mọ́ wúrà?"

"Wúrà funfun? Dáadáa."

"Wúrà gidi?"

"Gidi ni, Màmá."

Háà! Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Kí ni mo fi ọmọ mi ṣe yìí? Nígbà tí wọ́n yọ eyín náà tán, kò gba ilé lọ. Ọ̀dọ̀ Naziha ló lọ, tòun ti àlàfo ẹnu, kò sì fọwọ́ bò ó.

"Kí letí yín tún rí?" ni Naziha fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Etí mi purọ́, Naziha. Wúrà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ Olfa."

Naziha wò ó títí. Ó wọlé, ó gbé yẹtí náà jáde. "Ghazi ò tíì fẹ́ ẹlòmíì. Àmọ́ lójú èèyàn lẹ ti wọ́ mi nílẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin lẹ máa fi èyí sétí."

Monjia ò tiẹ̀ dúró dọjọ́ náà. Ọjọ́ tó ṣáájú ló ti fi í sétí, kó lè wú dáadáa. Nígbà ìgbéyàwó, ó jókòó síwájú, etí méjèèjì pọ́n, omi ń kán sí ọrùn aṣọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bi í, "Wúrà gidi ni," ló ń dá wọn lóhùn.

Olfa dìde níbi ìjókòó ìyàwó, ó wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ó tó. Ẹ bọ́ ọ."

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò tíì rí i."